Rósárì Màmá ń bọ̀, ẹ má ra òmíràn

Dublin, Áílàńdì
Oṣù Kẹsàn-án

Àbúrò mi,

Okun o. Okun fún gbogbo ilé, okun fún Màmá jù lọ. Mo rí ìwé rẹ. O ní láti Àjíǹde ni rósárì Màmá ti wà lọ́wọ́ mi, o wá ń bi mí bóyá mo ti gbàgbé. Mi ò gbàgbé. Mo ti tún un ṣe tán. Obìnrin ará Ìsánlú kan tó ń bọ̀ wálé ní ìparí oṣù yìí ni yóò gbé e dé Kábbà fún yín. Kó tó di ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá, ọjọ́ àjọ̀dún Ìyá Wa Onírósárì, yóò ti wà lọ́wọ́ Màmá.

Ohun tó jẹ́ kó pẹ́ rèé. Ìlẹ̀kẹ̀ 57 ni mo bá nínú ike tí ẹ fi rán an, bẹ́ẹ̀ 59 ló yẹ kó jẹ́: ìdì márùn-ún, mẹ́wàá-mẹ́wàá ti Mo Kí Ọ Màríà, ìyẹn 50, mẹ́ta lẹ́bàá àgbélébùú, mẹ́fà ti Baba Wa. Ọ̀kan ti já bọ́ nínú ìdì kẹta, ìlẹ̀kẹ̀ Baba Wa kan pẹ̀lú sì ti sọnù. Ta ló fi òwú ìránṣọ so ibi tó já pọ̀? Òwú ìránṣọ kì í pẹ́ já lára wáyà, ńṣe ni etí wáyà ń gé e díẹ̀díẹ̀. Ìwọ lo kọ ọ́ sí mi pé Màmá ti ń ṣi rósárì kà, pé ogbó ti dé. Ogbó kọ́! Bí ìdì kan bá ku mẹ́sàn-án, àtàǹpàkò á ti kan Baba Wa nígbà tí Mo Kí Ọ Màríà kò tíì pé mẹ́wàá. Màmá ń kà á bó ṣe yẹ, rósárì ló dín. Jọ̀ọ́, sọ fún un lónìí, kó má baà máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Gbogbo ibi tí mo gbé e dé níbí, "ra tuntun" ni wọ́n ń sọ. Owó kọ́ ló dá mi dúró, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nílé rò ó bẹ́ẹ̀. Tuntun kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ, àlàfo ṣéènì tó wà níwájú àti lẹ́yìn Baba Wa ni Màmá fi ń mọ ibi tó dé, ọwọ́ rẹ̀ sì ti fá igi ólífì yẹn títí ó fi ń dán. Èwo nínú tuntun ni yóò mọ ọwọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, tí mo fi ara mi tún un ṣe. Ìbùkún tí Fadá ti fún un kò sì bàjẹ́ nítorí ìlẹ̀kẹ̀ méjì tí a pààrọ̀. Àfi bó bá fọ́ túútúú, tàbí bí wọ́n bá tà á.

Tó bá tún já, má fa òwú yọ mọ́. Mo fi wáyà díẹ̀ àti òrùka kéékèèké sínú ẹrù náà. Pláyà ẹlẹ́nu ṣóńṣó méjì ni kí o wá. Ki wáyà bọ inú ìlẹ̀kẹ̀, jẹ́ kó yọ jáde bíi sẹ̀ǹtímítà kan, tẹ̀ ẹ́ lulẹ̀ lẹ́bàá ihò, kí o wá ká a yípo títí ẹnu rẹ̀ yóò fi pàdé pátápátá. Bí àyè tí èékánná lè wọ̀ bá ṣẹ́kù, ibẹ̀ ni ṣéènì yóò ti yọ́ jáde. Òrùka ńkọ́? Má ya ẹnu rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ti ẹnu kan síwájú, fa èkejì sẹ́yìn, kí o sì dá wọn padà bẹ́ẹ̀ náà. Èyí tí a bá yà kì í padà bọ̀ sípò, yóò sì rọ.

Ẹ má rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ mọ́. Igi ń wú, ó ń sán létí ihò, wáyà inú rẹ̀ á sì dípẹtà. Aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ fi máa nù ún. Nígbà ọyẹ́, kí ẹ fi ẹ̀kán òróró ólífì kan pa á; epo pupa kọ́ o.

Ìwé àdúrà Màmá ti pẹ́ ju 2002 lọ, ọdún tí Póòpù John Paul Kejì fi Ìjìnlẹ̀ Ìmọ́lẹ̀, ohun márùn-ún nínú ayé Jésù tí a ń ronú lé bí a ti ń ka rósárì, kún rósárì fún Ọjọ́bọ̀. Mo ti fi ọwọ́ kọ márààrún sínú ìwé kan, lẹ́tà gàdàgbà: ìrìbọmi ní Jọ́dánì, ìgbéyàwó ní Kánà, ìkéde Ìjọba Ọlọ́run, ìpaláradà, àti Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Bó bá sì fẹ́ máa ka ti Ayọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, kò ṣẹ̀. Ẹ má bá a jà.

Owó tí mo fi ránṣẹ́, ti rósárì àwọn ọmọ katikísìmù ni. Ọmọ 40 lo ní wọ́n jẹ́. Okùn náílọ́ọ̀nù mítà mẹ́fà ni rósárì oníkókó kan, èyí tí a ń ta okùn ní kókó dípò ìlẹ̀kẹ̀, ń gbà, ó di mítà 240. Náílọ́ọ̀nù o, kì í ṣe òwú: bí o bá fi iná kan ẹnu náílọ́ọ̀nù, yóò yọ́, yóò dì, òwú á kàn jó ni. Ká okùn yípo lẹ́ẹ̀mẹta fún Mo Kí Ọ, lẹ́ẹ̀mẹrin fún Baba Wa, kí o fi àtàǹpàkò tò ó kí o tó fà á, torí bí ìyípo kan bá gun èkejì, kókó yóò wọ́. Ṣé o ti ra okùn náà? Èló ni wọ́n tà á? O kò sọ.

Tìrẹ tó wà lọ́rùn ọ̀kadà, bọ́ ọ kúrò. Oòrùn ń jẹ ike, rósárì kì í sì í ṣe ońdè ìṣọ́ra. Mo fi rósárì oní-mẹ́wàá kan, ìdì kan ṣoṣo, tó ní òrùka ránṣẹ́ sí ọ. Irú rẹ̀ ni àwọn ará ibí ń fi pa mọ́ sínú ọwọ́ aṣọ láyé ìgbà tí òfin gbógun ti ìjọ Àgùdà. Òrùka náà lo ó máa ṣí láti ìka dé ìka bí ìdì kọ̀ọ̀kan bá ti parí. Àpò ni kí ó máa gbé.

Nígbà tí o bá fi ti Màmá lé e lọ́wọ́, kí ó kà á lójú rẹ. Ìlẹ̀kẹ̀ méjì tí mo fi kún un ṣì funfun díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò mú wọn pọ́n. 59 ni. Bí kò bá pé, pè mí lọ́jọ́ náà gan-an.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ