Ẹ Fo Kírìjì o, Ẹ̀yin Olóòtú

Olóòtú mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ojú ewé tẹ́ ẹ kọ nípa ibi téèyàn lè kó ìdílé ẹ̀ lọ lásìkò ọlidé, ó dáa gan-an, àmọ́ ẹ dé Olúmọ, ẹ dé Ìdànrè, ẹ tiẹ̀ dé ibi omi Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, inú ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kan náà lẹ wà yẹn, ẹ ò wá yà sí Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí wọ́n ti ja ogun Kírìjì. Kí Ìmẹ̀sí ṣe fún yín?

Ọmọ Ìbàdàn ni mí, Ìjẹ̀ṣà nìyàwó mi, torí náà ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn bá Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà láyé àtijọ́, ò tíì parí nílé tiwa. Ọdún tó kọjá la kó àwọn ọmọ wa méjèèjì sí mọ́tò, a kọ́kọ́ yà sí Ìgbájọ, torí apá ibẹ̀ ni Ààrẹ Látóòsà àtàwọn ọmọ ogun Ìbàdàn pa bùdó sí. Bùdó yẹn kì í ṣe ti ọjọ́ méjì o, wọ́n kọ́lé, wọ́n dáko, wọ́n ná ọjà, àwọn obìnrin bímọ síbẹ̀, Ààrẹ fúnra ẹ̀ bùdó náà ló kú sí lọ́dún 1885. Bí mo ṣe ń sọ èyí fáwọn ọmọ ni ìyá wọn bu ẹ̀rín, ó ní "ta ló ní kó wá?"

Nígbà tá a máa fi dé Ìmẹ̀sí, ọlọ́kadà kan ti gbowó wa, ó mú wa lọ síbi tí kò kan ogun rárá, bẹ́ẹ̀ ni a ò rí sáìnbọ́ọ̀dù kankan lójú ọ̀nà tá a gbà. Baba àgbẹ̀ kan ló gbà wá. Nígbà tó gbọ́ pé Ìbàdàn ni mí, ó ní "Ọmọ Látóòsà, ṣé ti àlàáfíà lẹ bá wá lónìí?" Ó ń fi àdá lànà níwájú, a ń tẹ̀ lé e láàárín igi kòkó, ká sọ òótọ́, kòríkò àti òkúta nìkan lèmi rí. Àfi ìgbà tó nàka pé ibí ni bùdó Èkìtìparapọ̀, àwọn ọmọ ogun Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó para pọ̀, ọ̀hún ni tiyín. Ló bá káwọ́ bo ẹnu, ó pariwo "hóóò!" sí òkè tó wà níwájú, òkè náà sì dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní bí ìbọn táwọn ará wọn ní Èkó fi ránṣẹ́ ṣe ń dún nìyẹn, ìbọn tí wọ́n ń ti ìdí kì, tí kì í ṣe ṣakabùlà bíi tiyín, òkè á gbà á, á ní kìrìjì, kìrìjì. Ọmọ mi ọkùnrin tí ò fi fóònù sílẹ̀ látilé, òun náà ki fóònù bọ àpò, ó ń pariwo sí òkè.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá wa sọ nìyí. Ẹni tó bá gbọ́ ti Ìgbájọ nìkan ò tíì gbọ́ nǹkan, ẹni tó bá gbọ́ ti Ìmẹ̀sí nìkan náà bẹ́ẹ̀ ni. Níbì kan, Látóòsà ni akọni, níbòmíì ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, aṣojú tí Ìbàdàn fi ń ṣàkóso ìlú, lẹ máa gbọ́, bó ṣe ń yan àwọn èèyàn jẹ títí Fábùnmi Òkèmẹ̀sí fi pa á lọ́dún 1878, tí Ògèdèǹgbé fi wá di olórí ogun Èkìtìparapọ̀. Ṣùgbọ́n Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí wà l'Ọ́ṣun, Òkèmẹ̀sí wà l'Ékìtì, ogun kan ṣoṣo, ìpínlẹ̀ méjì, kálukú ń wo ẹnì kejì. Kí ìpínlẹ̀ méjèèjì jọ ri sáìnbọ́ọ̀dù mọ́lẹ̀, kí wọ́n máa fún àwọn bàbá tó mọ ọ̀nà lówó, ó tán. A ò ní kí wọ́n kọ́ òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi 23 September ṣe é, ọjọ́ tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà lójú ogun níbẹ̀ lọ́dún 1886, lẹ́yìn tí àlùfáà Samuel Johnson àti Charles Phillips ti rìn títí láàárín bùdó méjèèjì (òótọ́ ni pé ó di 1893 kí gbogbo ẹ̀ tó rọlẹ̀ pátápátá).

Ẹ rán akọ̀ròyìn yín lọ. Kó wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kó má lọ lásìkò òjò, kó sì dé ìlú méjèèjì lọ́jọ́ kan náà.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Ìbàdàn, àna Ìjẹ̀ṣà