Ẹ Má Kánjú Sun Ìkòkò

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín o. Inú mi dùn pé ẹ̀yin tí ẹ kàwé, tí ẹ sì lè rí iṣẹ́ mìíràn ṣe, tún ń wá sí ẹbu wá kọ́ bí a ṣe ń mọ ìkòkò. Láyé ìgbà tiwa, ọmọ amọ̀kòkò ló sábà máa ń di amọ̀kòkò. Ṣùgbọ́n ohun kan ń kọ mí lóminú: ẹ ń kánjú jù láàárín ìgbà tí ẹ mọ ọ́n tán àti ìgbà tí ẹ sun ún.

Mímọ lẹ fẹ́ràn, ó sì yé mi. Ó dùn kéèyàn da ògbólógbòó ìkòkò délẹ̀, kó na amọ̀ lé e nídìí, kó máa lù ú yí ká títí yóò fi gba ìrísí, kó wá yọ ọ́, kó fi amọ̀ tó fọwọ́ yí gbọọrọ gbé ọrùn rẹ̀ dìde. Àmọ́ gbígbẹ ni àgbà iṣẹ́ wa.

Ìdí ìkòkò sábà máa ń nípọn ju etí lọ. Tí ẹ bá gbé e sínú oòrùn, etí á ti gbẹ, á ti sún kì, ìdí á ṣì tutù. Etí ń fà, ìdí ò tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ni yóò ti là. Òmíràn kì í là lójú ẹsẹ̀. Á dà bíi pé ó ti gbẹ, tí omi ṣì wà nínú ara rẹ̀. Bí iná bá kàn án, omi yẹn á hó, á máa wá ọ̀nà jáde tipátipá. Ariwo tí ẹ ń gbọ́ nínú iná nìyẹn, àpáàdì lẹ ó sì bá níbẹ̀. Ibòji ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Ẹ fi àpò tó rin bo etí rẹ̀. Bí etí bá ti le, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ kí atẹ́gùn lè kan ìdí. Kẹ́ ẹ tó sun ún, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án: bó bá ṣì tutù, kò tíì gbẹ. Àpáàdì náà, ẹ má dà á nù. Ẹ gún un, ẹ pò ó mọ́ amọ̀ tuntun, kì í jẹ́ kó sún kì jù.

Ọ̀rọ̀ yìí wà nínú Ifá. Ọmọ Ògún, ọmọ Ìja àti ọmọ Ọ̀rúnmìlà lọ yan orí nílé Àjàlá, amọ̀kòkò ọ̀run tó ń fi amọ̀ mọ orí ẹ̀dá, orí tí kò jiná ni àwọn méjì àkọ́kọ́ gbé, òjò sì bà á jẹ́ lọ́nà ayé. Mo gbà pé ẹni tó mọ ẹbu dáadáa ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí, torí amọ̀ tí iná ò jẹ dénú, omi ló máa sọ ọ́ di ẹrẹ̀ padà.

Àwọn kan nínú yín tún ń fi ọ̀dà kun àmù kó lè wu oníbàárà. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ihò tín-tìn-tín ara àmù ni omi ń gbà yọ síta, atẹ́gùn ń gbé e lọ, èyí tó kù nínú sì ń tutù. Ọ̀dà á dí gbogbo rẹ̀ pa. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó dán, ẹ fi òkúta odò tó jọ̀lọ̀ ra á lára kó tó gbẹ tán.

Ẹni tó bá sọ pé fífi ọwọ́ mọ ìkòkò ti di ohun àtijọ́, ẹ fi ẹ̀yìn owó ₦20 hàn án. Ladi Kwali, ọmọ Gbagyi, ló ń mọ ìkòkò níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yí amọ̀ wà nílé ẹ̀kọ́ ìkòkò tí Michael Cardew, òyìnbó amọ̀kòkò, dá sílẹ̀ ní Suleja, síbẹ̀ ọwọ́ ló fi ń gbé àwọn ìkòkò ńlá tó sọ ọ́ di olókìkí. Ní 1977, yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ dúró di ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ kọ́kọ́ lọ Ìpetumodù, tàbí Dada àti Òkèlele n'Ílọrin, kẹ́ ẹ bá àwọn ìyá ibẹ̀ jókòó, kẹ́ ẹ máa wo bí wọ́n ṣe ń yí ìkòkò nínú ibòji kó tó di ọjọ́ iná.

Èmi ni,
Ìyá yín ní ẹbu.