Òórùn Izal kọ́ ni ìmọ́tótó

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọdún 9 rèé tí mo ti ń tọ́jú arúgbó ní England. Nígbà tí mo wálé sí Ìbàdàn láìpẹ́ yìí, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi nílé ìtọ́jú àgbà tí àwọn ọmọ wọn fi wọ́n sí. N kò ní dárúkọ ilé náà, tìfẹ́tìfẹ́ ni wọ́n fi gbà mí.

Láti ẹnu géètì ni òórùn Izal ti pàdé wa. Ọmọ màmá ní, "Ṣé ẹ gbóòórùn bí ibẹ̀ ṣe mọ́?" Èmi ò fèsì. Ilẹ̀ ni mò ń wò: táìsì tó ń dán bíi dígí, omi ṣì wà lórí rẹ̀, ìyá arúgbó kan sì ń fi sílípáàsì wọ́sẹ̀ kọjá. Kò sí irin kankan lára ògiri tí wọ́n lè dì mú. Mọ́ọ̀pù tí òṣìṣẹ́ gbé jáde nílé ìgbọ̀nsẹ̀, òun náà ló gbé wọ yàrá ìjẹun.

Níbi iṣẹ́ wa, mọ́ọ̀pù pupa ni ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, aláwọ̀ ewé ni ti ilé ìdáná, búlúù ni ti yàrá. Ẹni tó bá ṣi í gbé, ojú ọ̀gá wa nìkan ti tó fún un! Omi ìwẹ̀ kò gbọdọ̀ gbóná ju 44°C lọ, torí awọ arúgbó ti fẹ́lẹ́, ẹlòmíì kì í sì í tètè mọ̀ pé omi ń bó òun. Àwọn olùbẹ̀wò CQC, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò ilé ìtọ́jú ní England, lè yọ sí wa láìsọ tẹ́lẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ lẹ èsì wọn síbi tí àlejò yóò ti rí i.

Ẹ má sọ pé owó Òyìnbó ni. Èló ni mọ́ọ̀pù lọ́jà Dùgbẹ̀? Wẹ́dà wo ni kò lè jó irin mọ́ ògiri balùwẹ̀ láàárín ọjọ́ kan? Tiwa tilẹ̀ tún le jù, torí iná ń lọ lóru. Arúgbó tó dìde lọ tọ̀ nínú òkùnkùn, tó ṣubú, tí egungun ìbàdí rẹ̀ dá, ọ̀pọ̀ wọn kì í dìde mọ́. Iná kékeré alábátìrì kò wọ́n tó owó ọsibítù.

Kí ìjọba máa ṣàbẹ̀wò sílé wọ̀nyí. Ẹ̀yin ọmọ náà, tí ẹ bá gbé Bournvita lọ fún màmá, ẹ ṣí ilẹ̀kùn balùwẹ̀ wò kí ẹ tó jókòó.

Mo ra mọ́ọ̀pù mẹ́ta aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ránṣẹ́ sílé náà. Wọ́n dúpẹ́ gan-an. Wọ́n ní àwọ̀ rẹ̀ wuni.

Èmi ni,
Olùtọ́jú arúgbó kan,
Kent, England.