Ẹ pín in kẹ́ ẹ tó dá fáíbà lẹ́bi

Sí Olóòtú,

Ẹ bá wa kìlọ̀ fáwọn tó ń so ìlà fáíbà mọ́ háàdì dísìkì àtijọ́, tí wọ́n á sì máa dá fáíbà lẹ́bi bí iṣẹ́ bá falẹ̀. Bíìtì ni wọ́n fi ń wọn fáíbà, báìtì ni wọ́n fi ń wọn dísìkì. Bíìtì 8 ló sì wà nínú báìtì kan. Lára páálí, b kékeré ni bíìtì, B ńlá ni báìtì. Ẹ fara balẹ̀ wò ó dáadáa.

Mẹ́gábíìtì 155.52 ni OC-3c, irú ìlà fáíbà kan, ń gbé ní ìṣẹ́jú àáyá kan. SONET, ìlànà tí wọ́n fi ń gbé dátà lórí ìlà fáíbà yìí, máa ń yọ tiẹ̀ níbẹ̀, 149.76 ló sì kù fún dátà gangan. Ẹ pín in sí 8: mẹ́gábáìtì 18.72. Dísìkì àtijọ́ tó ń lo ATA-33, tí ojú ọ̀nà rẹ̀ gba mẹ́gábáìtì 33.3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, á gbà á wọlé wẹ́rẹ́. Àmọ́ mẹ́gábáìtì 77.76 ni OC-12, ìlà fáíbà tó yára ju OC-3c lọ, bí ẹ kò bá tíì yọ ti SONET. Níbẹ̀, dísìkì ló ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Okùn tuntun kò lè tún un ṣe.

SATA 1.5, ojú ọ̀nà dísìkì mìíràn tó ń gba gígábíìtì 1.5 (mẹ́gábíìtì 1,500) ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Bí wọ́n bá pín in sí 8, wọ́n á rí 187.5, irọ́ sì ni. Bíìtì 10 ni wọ́n fi ń kọ báìtì kan sórí wáyà rẹ̀, torí náà 10 la fi ń pín in: mẹ́gábáìtì 150.

Ẹ ṣọ́ra fún dísìkì tí ẹ fi USB 1.1 àtijọ́ so náà. Mẹ́gábáìtì 1.5 péré ló ń gbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fáìlì mẹ́gábáìtì 4,000 tí OC-3c gbé dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin yóò lò ju ìṣẹ́jú 44 lọ níbẹ̀.

Òṣìṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì,
Ìbàdàn