Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ tí Ẹ Fẹ́ràn Xiang Yu

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín, inú mi sì dùn pé ẹ ń wá ìtàn ilẹ̀ òkèèrè kà. Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí ni bí ẹ ṣe ń yin Xiang Yu, ọ̀gágun ilẹ̀ Ṣáínà tí ẹ mọ̀ nínú fíìmù àti nínú géèmù orí fóònù, tí ẹ ń pè é ní ọkùnrin láàrin ọkùnrin nítorí pé ó yàn láti kú dípò kí ó sá. N kò ní í bá yín jiyàn pé ó láyà. Àmọ́ ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí àwọn akéwì Ṣáínà fúnra wọn ti ń jiyàn lórí ikú rẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ tẹnu wọn kí ẹ tó fi ọkùnrin náà ṣe àwòkọ́ṣe.

Ní ọdún 202 ṣáájú ìbí Kristi ni ọmọ ogun Liu Bang, ẹni tó dá ìjọba Han sílẹ̀, ká Xiang Yu mọ́ Gaixia. Ó já àjàbọ́ lóru, ó sì ń sá lọ títí ó fi ku ẹlẹ́ṣin 28 péré lẹ́yìn rẹ̀. Ó sọ fún wọn pé ọ̀run ló fẹ́ pa òun run, pé kì í ṣe pé òun kò mọ ogun jà, ó sì já lu àwọn ọ̀tá lójú wọn láti fi ẹ̀rí ọ̀rọ̀ náà hàn. Ó yege, ẹlẹ́ṣin rẹ̀ méjì péré ló kú níbẹ̀. (Ta tilẹ̀ ló sọ pé kò mọ ogun jà?) Nígbà tó dé etí odò ní Wujiang, olórí àdúgbò ti gbé ọkọ̀ dúró dè é, ó ní kí ó tètè sọdá sí Jiangdong, ìhà kejì odò níbi tí Xiang Yu ti kó ogun rẹ̀ wá, pé ilẹ̀ ibẹ̀ kéré lóòótọ́ ṣùgbọ́n ó tó ẹni tó fẹ́ jọba. Xiang Yu rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ Jiangdong 8,000 ló tẹ̀ lé òun kọjá odò yìí, kò sì sí ọ̀kan tó padà. Ojú wo ni òun yóò fi wo àwọn òbí wọn? Ó fi ẹṣin rẹ̀ ta ọkùnrin náà lọ́rẹ, ó jà lórí ìdúró títí ara rẹ̀ fi kún fún ọgbẹ́, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé ọrùn ara rẹ̀.

Du Mu, akéwì ayé ìjọba Tang tó gbé láyé láti 803 sí 852, kọ ewì onílà mẹ́rin sí etí odò yẹn. Ó ní kò sí ajagun tó lè sọ ìṣẹ́gun tàbí ìṣubú tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá lè gbé ìtìjú mì ni ọkùnrin. Ó ní àwọn ọmọ tó mòye pọ̀ ní Jiangdong, ta ló sì lè sọ bóyá wọn ì bá tún kóra jọ padà wá? Kì í ṣe ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ogun ló ń sọ̀rọ̀ yìí o. Du Mu kan náà ló kọ àlàyé sórí ìwé ogun Sunzi.

Mo mọ̀ pé ẹ ó fi òwe dá mi lóhùn pé ikú yá ju ẹ̀sín. Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn baba wa wí bẹ́ẹ̀. Àwọn náà ló sì wí pé alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ. Ẹ bá mi rò ó wò: láti dojú kọ idà, ìgbà díẹ̀ ni, ó sì tán. Ṣùgbọ́n láti wọ ìlú, kí o máa pàdé ìyá àwọn 8,000 ọmọ náà lójoojúmọ́, kí o wò wọ́n lójú, kí o sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀tun, àyà tó le ju ti ogun lọ ló ń ṣe ìyẹn. Òun ni Xiang Yu kò ní.

Síbẹ̀, Wang Anshi (1021–1086), tó jẹ olórí àwọn ìjòyè ọba nígbà ìjọba Song, kò gbà fún Du Mu. Nínú ewì tirẹ̀, ó ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ogun ti mú àárẹ̀ bá àwọn akọni, ìṣubú kan náà sì ti bá ọ̀rọ̀ jẹ́ kọjá àtúnṣe. Bí àwọn ọmọ Jiangdong bá tilẹ̀ wà níbẹ̀, ṣé wọ́n á tún gbà láti tẹ̀ lé irú ọba bẹ́ẹ̀ padà? Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà. Du Mu mọ ohun tó yẹ kí ọkùnrin ṣe, ṣùgbọ́n Wang Anshi ló bi wá bóyá ẹnikẹ́ni ṣì fẹ́ tẹ̀ lé ọkùnrin náà.

Kí ló dé tí wọn kò fi ní tẹ̀ lé e? Ẹ kúrò ní etí odò, kí ẹ lọ wo ìdí oúnjẹ kan ní nǹkan bí ọdún méjì ṣáájú. Xiang Yu ní olùdámọ̀ràn kan ṣoṣo tó gbójú, Fan Zeng, arúgbó tó ti pé ẹni àádọ́rin ọdún kó tó bá wọn dá sí ogun, tí Xiang Yu ń pè bíi bàbá. Nígbà tí ìránṣẹ́ Xiang Yu dé ibùdó Liu Bang, wọ́n gbé oúnjẹ ńlá tí wọ́n fi ń ṣe àlejò ọba kalẹ̀ fún un, wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n ṣe bí ẹni tí ẹnu yà, wọ́n ní, “À á ṣe! A rò pé Fan Zeng ló rán ọ ni,” wọ́n gbé oúnjẹ náà kúrò, wọ́n sì gbé èyí tí kò dára wá. Ìránṣẹ́ náà padà sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Xiang Yu gba ẹ̀tàn náà gbọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí fura sí bàbá arúgbó, ó sì ń gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Fan Zeng fi ìbínú lọ, oówo sì yọ sí i lẹ́yìn, ó kú lójú ọ̀nà. Mo ti dàgbà, ibi tí ìtàn yìí ti ń dùn mí jù nìyẹn. Àwo oúnjẹ lásán ni wọ́n fi já ọwọ́ ọ̀tún alágbára.

Liu Bang kò lè bá a jà ní ẹnì kan sí ẹnì kan, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Xiang Yu pè é níjà pé kí àwọn méjèèjì nìkan jọ wọ ìjàkadì kí ará ìlú lè sinmi, ẹ̀rín ló fi dá a lóhùn, ó ní ọgbọ́n ni òun fẹ́ fi jà, kì í ṣe agbára. Lẹ́yìn tó jọba, ó sọ níbi àsè pé nínú ètò ogun, Zhang Liang ju òun lọ. Nínú bíbójú tó ìlú àti oúnjẹ ọmọ ogun, Xiao He ju òun lọ. Nínú dídarí ọmọ ogun, Han Xin ju òun lọ. Àmọ́ òun mọ bí a ṣe ń lo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Xiang Yu sì ní Fan Zeng kan ṣoṣo, kò mọ bí a ṣe ń lò ó. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sí ẹ̀gbẹ́ ariwo “ọ̀run ló fẹ́ pa mí” tí Xiang Yu pa, kí ẹ wo èwo nínú àwọn méjèèjì ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i.

Ó ku ewì kan tí ẹ fẹ́ràn jù, ti obìnrin akéwì Li Qingzhao, tó ní kí a jẹ́ akọni láàyè, kí a sì jẹ́ akọni láàrin àwọn òkú, pé títí di òní ni à ń rántí Xiang Yu tó kọ̀ láti sọdá sí Jiangdong. Ẹ má ṣe já ewì náà kúrò nínú ìgbà rẹ̀. Ní ọdún 1127 ni àwọn ọmọ ogun Jin, ìjọba kan láti àríwá, gba olú ìlú ìjọba Song, tí ààfin sì sá lọ sí gúúsù, tí wọ́n sọdá odò Yangtze, tí wọ́n jókòó sọ́hùn-ún tí ìhà àríwá fi bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn ìjòyè yẹn ni obìnrin náà ń fi òkú Xiang Yu nà. Nítorí náà, n kò rí i pé ó ń bá Du Mu jà tó bí ẹ ṣe rò: Du Mu fẹ́ kí ọkùnrin sọdá kí ó lè padà wá, Li Qingzhao sì ń bú àwọn tó sọdá tí wọn kò padà.

Èmi ni,
Bàbá yín.