Lẹ́tà sí Wálé ní Lomé, lẹ́yìn ikú Big Boss

Akure,
ọjọ́ 16 oṣù kẹfà, 2016.

Wálé mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo tẹ̀ ẹ́ láago títí, kò wọlé, WhatsApp ẹ náà ò dáhùn, ni mo bá ní kí n jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ torí ọ̀rọ̀ yìí ò ṣe é dá gbé sínú. Stephen Keshi, Big Boss, kóòṣì Super Eagles tẹ́lẹ̀, kú o. Mo mọ̀ pé o ti gbọ́, kò sí bí Lomé ò ṣe ní gbọ́, àmọ́ mi ò tíì rí ẹni bá sọ ọ́ bó ṣe yẹ. Àwọn ọmọ tó wà níbi iṣẹ́ wa, ti 2013 nìkan ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ ibi tí èmi àti ìwọ ti ń bá ọkùnrin yẹn bọ̀.

Láàárọ̀ Wẹ́sìdeè ọjọ́ 8, mo wà lórí ọ̀kadà, ọlọ́kadà yẹn so rédíò kékeré kan mọ́wọ́ ọ̀kadà ẹ̀. Bí wọ́n ṣe dárúkọ Keshi, mo rò pé wọ́n tún ti gbé tíìmù fún un ni. Ọlọ́kadà ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ yé. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níwájú Ọjà Ọba, ó pa ẹ́ńjìnì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbọ́ nǹkan tí mo gbọ́ yìí?" Àwa méjì tí a ò mọra rí, a dúró síbẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí a dé ibi tí mò ń lọ, kò fẹ́ gbowó lọ́wọ́ mi.

Ọmọ ọdún 54 péré, Wálé. Kate ìyàwó ẹ̀, Disẹ́mbà tó kọjá yìí náà ni jẹjẹrẹ pa á, kò tíì pé oṣù mẹ́fà gbáko. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ló ní ó ń dun òun nílé ní Benin, Benin ti Edo o, kì í ṣe ti ẹ̀gbẹ́ yín níbẹ̀, kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ẹsẹ̀. Rántí ẹsẹ̀ yẹn, mo ṣì ń bọ̀ lórí ẹ̀. A ò tíì nu omijé ojú tán, Shuaibu Amodu, tóun náà ti ṣe kóòṣì Super Eagles rí, tún sùn, kò jí, ní ìlú Benin yẹn kan náà, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta síra wọn.

Ohun tí ò jẹ́ kí n sùn nìyí: àwọn méjèèjì yìí, àwọn ni wọ́n ń dáná, ẹlòmíì ni wọ́n ń pè wá jẹun. Amodu gbé wa dé Wọ́ọ̀lù Kọ́ọ̀pù 2002, Bàbá Onigbinde ló kó wọn lọ. Ó tún gbé wa dé ti 2010, wọ́n tún gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n lọ gbé òyìnbó Sweden wá. Ti Keshi nígbà tó jẹ́ kóòṣì Togo, ìwọ lojú ẹ rí i ju tèmi lọ. Ọjọ́ tí Togo na Congo 3-2 ní Brazzaville lóṣù kẹwàá 2005, o pè mí láti kábíìnù, mi ò gbọ́ nǹkankan ju ariwo èèyàn àti fèrè zémì, ọ̀kadà yín níbẹ̀, ìwọ sì ń pariwo "ọmọ wa ló ṣe é! ọmọ wa ló ṣe é!" títí owó fi tán. Togo tí ò lọ Wọ́ọ̀lù Kọ́ọ̀pù rí látijọ́ tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n fi Senegal sẹ́yìn! Nations Cup dé ní Íjíbítì, wọ́n pàdánù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun àti Adebayor, ọmọ Yorùbá ara wa, ò gbọ́ra wọn yé, ó parí. Otto Pfister ló kó wọn lọ sí Jámánì.

Ìwọ náà bú u nígbà yẹn, o ní agídí ẹ̀ ti pọ̀ jù. Èmi náà bú u. Nígbà tó fi Odemwingie, Obafemi Martins àti Taye Taiwo sílẹ̀ nígbà Nations Cup ọdún 2013, tó lọ ń ṣa àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé níbí, ẹnu mi kọ́ ni mo fi sọ pé orí ẹ̀ ò pé? Godfrey Oboabona, Godfrey ti ẹgbẹ́ Sunshine Stars, tí à ń rí ní Akure níbí, òun ló fi sáàárín ẹ̀yìn, ó wá fi kápútẹ̀nì Yobo sórí bẹ́ǹṣì! Mo ní Drogba máa jẹ ọmọ yẹn lẹ́ran. A na Ivory Coast 2-1.

Sọ́ńdè ọjọ́ 10 oṣù kejì yẹn, ní fáínà, Burkina Faso ló kù. Victor Moses gbá a, ó ta lára ẹnìkan, ó bọ́ sọ́dọ̀ Sunday Mba. Ọmọ yẹn ò sáré. Ó rọra sọ bọ́ọ̀lù gba orí ẹni tó ń dè é kọjá, ó yí i po, ó gbá a kó tó rọlẹ̀ dáadáa. Ṣé o rántí pé látìgbà tí iná ti jó Asigamé, ọjà ńlá Lomé, lóṣù kìíní ọdún yẹn, o kì í gbé fóònù mọ́? Ìyàwó ẹ ló máa ń sọ fún mi pé o jókòó sí yàrá. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ìwọ fúnra ẹ pè mí. Ò ń sunkún, ò ń rẹ́rìn-ín, o ní Keshi ti bá yín gbẹ̀san, torí Burkina Faso yẹn náà ló lé Togo lọ sílé ní kọ́tà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lóru ọjọ́ yẹn, kì í ṣe tìtorí ife. Ọkùnrin tó ṣe é fún wa, tó jẹ́ kápútẹ̀nì ní Tùnísíà 1994 tó tún wá gba ife náà bíi kóòṣì, ọjọ́ kejì ló ní òun fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, ìgbà tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ ló tó padà. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ dáadáa kan nípa ẹ̀ kó tó kú. Àfi ìgbà tó kú.

Epo ti di 145 náírà. Bùnmi bí obìnrin, ó dà bí Màmá wa gan-an. Ilé mi dé lẹ́ńtẹ̀lì, ó dúró síbẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Bàbá Fèrè, kóòṣì wa àtijọ́. Mo lọ kí i ní Sátidé tó kọjá, torí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Keshi máa dùn ún. Ó wà lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún sórí àpótí, ó da aṣọ bò ó. Mo ṣí aṣọ yẹn. Ẹsẹ̀ wú láti ọrùn ẹsẹ̀ dé orúnkún, awọ ẹ̀ ń dán. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ojú ibẹ̀ jìn, kò padà títí mo fi mu omi tí wọ́n gbé fún mi tán. Ó ní kò ṣe nǹkankan, ó ní ẹsẹ̀ àgbà ni. Ó sì ń gbààwẹ̀! Fèrè yẹn ṣì wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, okùn ẹ̀ ti dúdú. Kó tó bi mí nípa ìyàwó àti ọmọ mi pàápàá, ó ní, "Wálé ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ fáínà 1993 yẹn, tí kò fi ẹ́ wọlé gbá, mi ò ní dá a sílẹ̀. O jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìyá ẹ wà nínú èrò, mo mọ bó ṣe dùn ẹ́ tó, mo wà níbẹ̀. Àmọ́ ọdún 23 ti kọjá, Wálé, ọkùnrin yìí náà ló ń fi owó oṣù ẹ̀ ra bàtà fún èmi àti ìwọ.

Mo ti bá dókítà kan sọ̀rọ̀, ó ní ká gbé e wá fún àyẹ̀wò ọkàn àti kíndìnrín. Mo ti da owó tèmi sílẹ̀, tó bá wà lọ́wọ́ ẹ, ṣe ìwọ̀n tágbára ẹ bá ká. Bí kò bá sí, mi ò ní bínú, màá wá a. Àmọ́ kò gbà láti lọ, ó ti kọ̀ fún èmi, ó kọ̀ fún àwọn ọmọ ẹ̀. Ìwọ ni kò ní lè kọ̀ fún. Jọ̀ọ́, pè é. Má sọ nǹkankan nípa fáínà tóò bá fẹ́, sáà ní kó tẹ̀lé mi lọ.

Lẹ́yìn ìṣínu ni kóo pè é, tó bá ti kírun Ìṣáì tán ó máa ń pa fóònù. Nọ́ńbà ẹ̀ ò yí padà.

Èmi ni,
Dọ̀tun