Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ojú Lọ̀rọ̀ Wà, Ìwé Kò Lójú

Ẹ̀yin olùfẹ́ nínú Olúwa, ẹ kú ọjọ́ ìsinmi. Mo kí tọmọdé tàgbà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan nínú ìjọ wa tí wọ́n ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú wá bá mi. Awò ojú wọn ti fọ́, wọ́n sì fẹ́ kí n bá àwọn ṣírò gbèsè tó wà níta. Ìwé ọmọ iléèwé ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, okùn ràfíà ni wọ́n fi so ó pọ̀, ìka aró sì wà lára gbogbo ojú ewé, aró ẹlú tí kì í tán lọ́wọ́ aláró bọ̀rọ̀. Mo ń kà á lọ: orúkọ, iye aṣọ, iye owó. Mo dé ibi orúkọ obìnrin kan tó jẹ ₦8,000, mo wá rí ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: “Ara ọkọ rẹ̀ ò yá. Má béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀ kí Àjíǹde tó kọjá.”

Mo bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń kọ ìyẹn sí, nígbà tó jẹ́ pé àwọn nìkan ló ń ka ìwé náà. Wọ́n ní, “Bàbá Pásítọ̀, bí mo bá kú, àwọn ọmọ mi ni yóò ṣí i. Mi ò fẹ́ kí wọ́n lọ já gèlè lórí ìyá ọlọ́mọ nítorí pé èmi ò kọ ọ́ tán.”

Nítorí pé èmi ò kọ ọ́ tán! Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà. Gbogbo wa la mọ bí a ṣe ń kọ ohun tí ènìyàn jẹ wá. Ìwọ̀nba wa ló ń kọ ọ́ tán.

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí o bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ lójúkojú, wàá rí i bí ojú rẹ̀ ṣe ń yí padà, wàá rí omijé kó tó bọ́, ahọ́n rẹ yóò sì rọ̀. Ìwé kò lójú. Ìdí nìyí tí ẹni tí kò lè pe aládùúgbò rẹ̀ ní olè níta gbangba fi lè tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù ní aago méjìlá òru, kí ó sì fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́. Kì í ṣe fóònù ló sọ ọ́ di ìkà. Ohun náà ti wà nínú ọkàn tẹ́lẹ̀, ojú ènìyàn ló ń dí i lọ́nà.

Mo mọ̀, nítorí èmi náà ṣe é. Bíríkìlà kan gba owó lọ́wọ́ wa láti mọ ògiri ẹ̀yìn ilé ìjọsìn. Ó to búlọ́ọ̀kù ìlà méjì, a ò rí i mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo kọ̀wé sí i lórí WhatsApp, ìwé gígùn. Mo pè é ní orúkọ tí n kò lè pe ẹnikẹ́ni lórí pẹpẹ. Mo fi ẹsẹ Bíbélì mẹ́ta sí i, mo sì fi wọ́n nà án bí ẹni fi pàṣán na ẹran. Kò pẹ́ tí àmì méjèèjì fi di búlúù. Kò fèsì. Títí di òní n kò mọ ohun tó lé e lọ. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ, kò sí ìbéèrè kan ṣoṣo.

Nígbà tí ìyá aládìrẹ lọ tán, mo ṣí ìwé Filemoni nínú Bíbélì, lẹ́tà tí àpọ́sítélì Paulu kọ sí onígbàgbọ́ kan tó ń jẹ́ Filemoni. Orí kan péré ni, ẹsẹ 25. Inú ẹ̀wọ̀n ni Paulu wà, ó ti darúgbó. Onesimu, ẹrú Filemoni, ti kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, ó sì jọ pé ó jẹ ẹ́ ní nǹkan. Paulu fẹ́ kí ọ̀gá yìí gbà á padà bí arákùnrin olùfẹ́. Ẹ wá wo bí àgbà ṣe ń kọ̀wé! Ìtumọ̀ Onesimu ni “ẹni tó wúlò”. Paulu fi orúkọ náà dárà: ó ní nígbà kan rí kò wúlò fún ọ, ṣùgbọ́n nísinsìnyí ó wúlò fún ìwọ àti èmi. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ púpọ̀. Orúkọ ń ro ọmọ, tirẹ̀ kàn pẹ́ kó tó rò ó ni. Mo gbà pé Filemoni rẹ́rìn-ín músẹ́ níbẹ̀, ìbínú ẹni tó bá sì ti rẹ́rìn-ín ti dín kù.

Paulu ní òun lè pàṣẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ni òun ń bẹ̀, kí oore náà lè ti ọkàn rẹ̀ wá, kó má jẹ́ àfipáṣe. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé ohun tí ọmọ náà bá jẹ, òun yóò san án. Síbẹ̀ ó mọ irú ẹ̀dá tí ènìyàn jẹ́. Kò kọ lẹ́tà náà sí Filemoni nìkan. Ó kọ ọ́ sí Affia, sí Arkippu, àti sí ìjọ tó wà nínú ilé Filemoni. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ó ní kí wọ́n tọ́jú yàrá sílẹ̀ de òun. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba àlejò rí, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹni tó mọ̀ pé àgbà ń bọ̀ wá wọ̀ sílé òun kò ní fi pàṣán pàdé ẹni tí àgbà náà rán. Ìwé kò lójú, Paulu fún tirẹ̀ lójú.

Ní Abẹ́òkúta níbí, ó yẹ kí lẹ́tà yìí wọ̀ wá lára. Samuel Ajayi Crowther, tó ṣíwájú nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè wa, ni wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821. Ìlú wa yìí ló ti tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní 1846, lẹ́yìn ọdún 25. Ìwé Romu tó túmọ̀ jáde ní 1850, odindi Bíbélì Yorùbá jáde ní 1884. Ẹni tí wọ́n ti tà bí ẹrù rí ló la ọ̀nà tí àwa fi ń ka ẹ̀bẹ̀ tí Paulu bẹ̀ nítorí ẹrú. N kì í gba Aké, àdúgbò tí ilé ìjọsìn Peteru Mímọ́ wà, kọjá kó má wá sí mi lọ́kàn. Ìlú tó ti fi owó ẹyọ 120 ra ìwé ìròyìn ní 1859 kò lè sọ pé òun kò mọ agbára ohun tí a bá kọ sílẹ̀.

Mo ti kọ ìwé mìíràn sí bíríkìlà náà ní Ọjọ́bọ̀. Kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Mo tọrọ àforíjì fún ti àkọ́kọ́, mo bi í léèrè àlàáfíà òun àti ará ilé rẹ̀. Mo sọ fún un pé ṣọ́bìrì rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ mi, iṣẹ́ náà sì ṣì ń dúró dè é. Mo ní kí ó sọ ọjọ́ tí mo lè yà kí i nílé ní Láfẹ́nwá.

Ní Ọjọ́rú, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, Filemoni la ó kà nínú ẹ̀kọ́ Bíbélì. Bí ẹnìkan bá ní ìwé ìbínú lọ́wọ́ tí kò tíì fi ránṣẹ́, mo bẹ̀ ẹ́, kó dúró di ìgbà náà.